Aṣọ Aró Lórí Wáyà Ẹ̀yìn

Kí oòrùn tó yọ ní Bẹyẹrúnká, inú á ti bí Sàláúdéènì atún-aago-ṣe. Bí omi àlùwàlá bá tutù jù, inú á bí i. Bí àgùtàn bá sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, inú á bí i. Bí ẹnì kan bá sì kí i kú àárọ̀ kí ó tó fọ ẹnu tán, àfi kí onítọ̀hún yáa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará agboolé ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbínú tó gbé e wọ̀ lọ́dún tí à ń sọ yìí, nígbà tí ọ̀dà ara Gbọ̀ngàn Mápó ṣì ń tàn, kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe fídáù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dá a lójú pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kú.

Àkíbù ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì pẹ́ nílé rárá nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó pé òun ń lọ wáṣẹ́. Ní Èkó, ó ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ òkun sì gbé e lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà kan, ó máa ń ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó yá, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé láti Èkó pé ọkọ̀ kan rì lójú òkun, pé àfàìmọ̀ kí Àkíbù má wà nínú rẹ̀.

Baba Sàlámì, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó jẹ́ olórí agboolé, dúró títí, ó sú u. Ó ní kò bójú mu kí ọmọ Mùsùlùmí kú sínú omi, kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì máa jẹ, kí wọ́n máa mu, láìṣe àdúrà kankan fún un. Ó pe àwọn ààfáà, wọ́n fi fídáù sí ọjọ́ Jímọ̀ tí yóò parí oṣù. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, Ràbíátù ìyàwó Àkíbù yóò ṣe opó. Bí ó bá ṣe opó tán, Sàláúdéènì ni yóò ṣú u lópó.

"Ta ni yóò ṣú u?" ni Sàláúdéènì béèrè nígbà tí wọ́n sọ fún un.

"Ìwọ ni àbúrò ọkọ rẹ̀," ni Baba Sàlámì dáhùn. "Àbí èmi arúgbó ni kí n ṣú u?"

"Baba, ìyàwó kan tí mo ní ti tó mi. Àti pé ẹni tó bá kú ni wọ́n ń ṣú ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò rí òkú, ẹ ò rí aṣọ òkú, ẹ wá ń pín ìyàwó òkú."

Ó jáde, ó sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ wọn débi pé amọ̀ já bọ́ lára ògiri. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ló ń dùn ún jù. Àkíbù ló gbé e kọ́rùn nígbà tí bàbá wọn kú. Àkíbù ló ń ru igi tà ní Ọjà'ba kí Sàláúdéènì lè ka ìwé dé ìwé mẹ́fà. Gbogbo agboolé jẹ nínú òógùn ọkùnrin yìí, àwọn náà ló wá ń kánjú àtisin ín. Bí ó bá ti rò ó débẹ̀, àyà rẹ̀ á máa gbóná bí ẹni mu ata.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Japheth ya ìsọ̀ Sàláúdéènì ní Ọjà'ba láti tún aago ṣe. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni Japheth náà, ìyá rẹ̀ ló wá kí. Ó wo Sàláúdéènì lójú títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Àkíbù? Ojú kan náà lẹ jọ ní." Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Àkíbù sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ni, pé ara rẹ̀ le. Ó ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n ti sọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ kí àwọn ará ilé wọn. Àkíbù wà lára wọn. Ọjọ́rú tó kángun sí ìparí oṣù ni, lẹ́yìn Mágàríbà tiwa.

Ọjọ́rú yẹn, ọ̀tunla rẹ̀ ni Jímọ̀ tí wọ́n fi fídáù sí.

Sàláúdéènì kò dúró ti ìsọ̀ pa. Ó wọ́ Japheth lọ́wọ́ láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrúnká. Japheth sọ tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ya ilé ẹlẹ́mu kí ó tó dé ìsọ̀, òórùn ẹmu sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Baba Sàlámì fi ọwọ́ bo imú.

"Irú ẹlẹ́rìí wo lo kó wá bá mi yìí?" ó bi Sàláúdéènì.

Ràbíátù jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o," ó wí fún Japheth. "Kí ni ó ní kí ẹ sọ fún mi?"

Japheth wo ilẹ̀. Ó wo bàtà ara rẹ̀. "Ó ní kí n kí gbogbo ilé," ó wí, ó sì dìde pé òun ń lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti padà sí Èkó.

Baba Sàlámì wá fi àáké kọ́rí. Ó ní òun kò ní gba ẹ̀rí ọ̀mùtí lórí ọ̀rọ̀ òkú àti alààyè. "Ìwọ lo ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀," ó wí fún Sàláúdéènì. "Jẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ ohùn ọmọ mi lọ́jọ́rú. Bí mo bá gbọ́ ọ, kò sí fídáù mọ́. Bí n kò bá gbọ́ ọ, kí n má gbọ́ ohùn tìrẹ náà lọ́jọ́ Jímọ̀."

Lóòótọ́, Sàláúdéènì ní ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀ sínú àpótí ọṣẹ. Bátìrì ló ń lò, fèrè gíráàmáfóònù àtijọ́ kan ló sì fi ṣe ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Lọ́ńdọ̀n kì í yọ dáadáa nínú rẹ̀. Ọkùnrin á máa sọ̀rọ̀, o ò ní mọ̀ bóyá òyìnbó ló ń sọ tàbí ó ń wúkọ́. Wáyà kan ṣoṣo ló ta sórí òrùlé, wáyà kan ṣoṣo a sì máa gbọ́ gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé tó fi ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sọ pé wáyà méjì ni kí ó ta, kí ọ̀kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn, kí méjèèjì sì kọjú sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Ti iwájú ni ohùn ń gbà wọlé. Ti ẹ̀yìn kò kan ẹ̀rọ rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó dá ohùn tó bá fẹ́ kọjá lọ padà sórí ti iwájú. Àríwá gan-an ni Lọ́ńdọ̀n wà sí Ìbàdàn. Sàláúdéènì ra ọparun, ó ta wáyà iwájú sókè lórí òrùlé. Ọparun kò gùn tó mọ́ fún ti ẹ̀yìn, ó sì ta ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹni tó bá gun àpótí lè nàgà kàn án.

Ẹnu tí wáyà fi ń bá ẹ̀rọ pàdé ló wá di wàhálà. Wáyà méjì tín-ín-rín ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara wáyà iwájú wọ ojú fèrèsé dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Nígbà tó so wọ́n mọ́ àárín wáyà iwájú ní ṣákálá, ohùn kò lé, kò dín. Ẹni tó bá ti da epo láti inú garawa sínú ìgò rí á mọ ohun tí mò ń wí. Epo pọ̀, ìgò kò jò, síbẹ̀ ilẹ̀ ni epo ń lọ, torí ẹnu méjèèjì kò bára mu. Àrọ ló yẹ kó wà láàárín wọn. Àrọ tí ìwé ní kí Sàláúdéènì ṣe ni pé kí ó la orí wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, kí ó so ọ̀kan sí apá ọ̀tún, kí ó so èkejì sí apá òsì, kí ó wá máa sún wọn síta, kí ó máa sún wọn sínú, títí yóò fi rí ibi tí ẹnu ti bá ẹnu mu. Ìwé kò sọ ibi tí ibẹ̀ wà. Ó ní etí ni yóò sọ ọ́.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà'ba, á gun àkàbà lọ sórí òrùlé. Ìyá rẹ̀, Sẹ̀gilọlá, á jókòó síwájú fèrè nísàlẹ̀. Ìyá àgbà náà ti ń gbẹ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ fídáù ti bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ kì í wù ú mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí wù ú. Sàláúdéènì á sún wáyà díẹ̀, á ké sí i pé, "Ìyá, ńkọ́?" Ìyá á ní, "Ó ti padà sẹ́yìn." Á tún sún un. "Ìsinsìnyí ńkọ́?" "Ó ń bọ̀. Rọra. Má tì í lọ."

Ní gbogbo ìgbà yìí, aṣọ wà lórí wáyà ẹ̀yìn.

Aláró ni Ràbíátù. Á ra aṣọ funfun ní Gbági, á fi ẹ̀kọ gbáàgúdá ya ọnà sí i lára, á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró lẹ́yìn ilé ìdáná, á ṣàn án, á sì sá a nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tẹ́lẹ̀, orí ògiri ló ń sá a sí, ewúrẹ́ a sì máa gùn ún. Nígbà tó wá rí okùn tó gùn, tó le, tí ẹnì kan ta sí ẹ̀yìnkùlé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ní agboolé yẹn, láti ayé baba ńlá wọn, ẹnì kan kì í béèrè ẹni tó ni okùn. Okùn tó bá ti wà ní gbangba, ti gbogbo ilé ni. Bí ó bá ṣe pé ẹlòmíràn ló ta á, ẹ̀wù Sàláúdéènì ìbá ti kọ́kọ́ gbẹ lórí rẹ̀.

"Ìyàwó," Sàláúdéènì á ké láti òkè àkàbà, "ṣé mi ò ti sọ fún ọ pé wáyà yìí kì í ṣe okùn ìsáṣọ?"

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é. Àwọn obìnrin tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀ ti di ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dù. Òun kò bí ọmọ tí wọn yóò fi pè é, torí náà ìyàwó ló wà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

"Ẹ ti sọ ọ́, ọkọ mi," Ràbíátù á dáhùn láìgbójú sókè.

"Kí ló wá wà lórí rẹ̀?"

"Aṣọ ni."

"Aṣọ yìí ló ń fa gbogbo ariwo híháhá tó wà nínú ẹ̀rọ. Nítorí ọkọ rẹ ni mo ṣe ń rá pálá lórí òrùlé, ìwọ ló sì ń dí i lọ́nà."

"Nígbà tó ń lọ, kò sí aṣọ lójú ọ̀nà," Ràbíátù á ní. "Kò tìtorí ẹ̀ padà."

Ọ̀rọ̀ báyìí máa ń lọ tààrà sí ibi tí inú ti ń bí Sàláúdéènì. Á máa ṣe é bíi kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó fa gbogbo aṣọ náà já. Ṣùgbọ́n aṣọ tí aró ṣì ń kán lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí atún-aago-ṣe ń fọwọ́ kàn. Aró kì í tètè ṣí lọ́wọ́. Bí akọ̀wé kan bá gbé aago fàdákà wá tí ó sì bá ìka aró lójú rẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Torí náà, á dúró sí òkèèrè, á bú u dáadáa, ilẹ̀ á sì tún fẹ́ ṣú, á yáa padà sídìí wáyà rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Á bínú sí aṣọ, á fi aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí Ọjọ́rú náà bọ́ sí, ó sún wáyà síta ju bó ti ń sún un tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ó tó béèrè, ìyá rẹ̀ ti ń ké nísàlẹ̀. "Dúró. Má mí. Ó ti wà nínú yàrá." Sàláúdéènì sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Òyìnbó kan ń sọ̀rọ̀, o lè gbọ́ bí ó ti ń ṣí ìwé. Ó padà gòkè, ó yọ́ òjé lé orí ìsopọ̀ méjèèjì kí ohunkóhun má lè sún wọn kúrò níbẹ̀ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Sẹ̀gilọlá jẹ oúnjẹ tán, ó ní kí wọ́n bu sí i.

Ọjọ́rú dé. Sàláúdéènì kò lọ sí ìsọ̀ pẹ́. Kí Alásàrí tó kọjá, ó ti wà nílé, ó ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Bí ó ti yí sí ẹ̀yìnkùlé báyìí, kí ni ó rí? Wáyà ẹ̀yìn kún fọ́fọ́. Láti orí ọparun kan dé orí èkejì, aṣọ ni, gbogbo wọn ń kán tó, tó, tó.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun tó ti ń gbé mì láti bí oṣù kan wá sókè lẹ́ẹ̀kan náà, Japheth tí wọn ò gbà gbọ́, ìyá rẹ̀ tó ń gbẹ, Baba Sàlámì tó ń fọwọ́ bo imú. Kò tilẹ̀ rántí ọwọ́ rẹ̀. Ó gun àpótí, ó fa aṣọ àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa èkejì, ó sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀ yanrìn níbi tí àwọn adìyẹ ti ń walẹ̀. Ọ̀kan há mọ́ ọparun, ó fà á títí ó fi ya. Àwọn ará ilé ń wò ó, ẹnì kan kò sún mọ́ ọn.

"Lónìí nìkan," ó ń wí, ó sì ń mí gúlegúle. "Lónìí nìkan ni mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rí àyè. Lónìí tí wọ́n fẹ́ pa á tàbí kí wọ́n dá a sí. Obìnrin tó ni ọkọ gan-an ló ń fi aṣọ dí i lẹ́nu."

Ràbíátù jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú yanrìn, ọnà tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yà. Ó dúró, ó ń wo èyí tó ya.

"Ó dáa, ọkọ mi," ó wí. Ó kó gbogbo aṣọ náà sínú bàsíà, ó sì gbé e padà lọ ṣàn nídìí ìkòkò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Mágàríbà tán, agboolé pé. Baba Sàlámì jókòó sórí àga, Sẹ̀gilọlá jókòó síwájú fèrè, àwọn ìyókù dúró dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Sàláúdéènì yí ẹ̀rọ.

Híháhá ló jáde.

Ó yí i díẹ̀ sí i. Híháhá náà ni. Ó padà síbi tó ti sàmì sí lọ́jọ́ Ajé, ibẹ̀ gan-an, kò ṣì í. Bí ẹni ń fi yanrìn ha páànù ni. Nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ohùn kan ń sọ nǹkan, tí ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

"Òun nìyẹn?" ni Baba Sàlámì béèrè.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, Baba."

Ó sáré gun àkàbà. Òjé tó yọ́ lé ìsopọ̀ wà níbẹ̀ gbọingbọin, ohunkóhun kò sún kúrò. Ó fi ọ̀bẹ ha òjé náà kúrò, ó sún wáyà síta. "Ìyá, ńkọ́?" "Kò sí nǹkankan." Ó sún un sínú. "Ó ti burú sí i." Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó bú wáyà, ó bú òjé, ó bú ẹni tó ta òjé fún un, ó bú òyìnbó tó kọ ìwé. Nísàlẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ tí àga Baba Sàlámì dún.

"Sàláúdéènì," ni Baba Sàlámì wí, "mo ti gbọ́ ohun tí mo lè gbọ́. Ó di ọjọ́ Jímọ̀."

Sẹ̀gilọlá fi ọwọ́ lé fèrè náà.

Sàláúdéènì yíjú kúrò ní ìhà ibi tí ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ojú rẹ̀ bọ́ sí, lórí wáyà ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó kù lójú ọ̀run hàn lára rẹ̀, ó wà ní ìhòòhò láti òpin dé òpin. Ó sì ń wò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìtìjú dà bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kí ó tó di òní, kò tíì fi etí wá ohùn nígbà tí wáyà yìí wà ní ìhòòhò rí. Láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tó ti gun àkàbà, aṣọ ti wà lórí rẹ̀, aṣọ tútù, aṣọ tó kún fún omi eérú àti aró. Wáyà tó gbé aṣọ ló fi etí wá ẹnu fún. Ó wá bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó sọ ọ́ di wáyà mìíràn, ó tún ń retí kí ẹnu ti ọjọ́ Ajé bá a mu. Ìbínú rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ dí Àkíbù lẹ́nu.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Ràbíátù nídìí ìkòkò, ó ń ṣàn yanrìn kúrò lára aṣọ tó kẹ́yìn.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, kó aṣọ rẹ padà sórí wáyà."

Ràbíátù kò gbójú sókè. "Kò tún dí i lọ́nà mọ́?"

"Èmi ni mo ṣì í. Aṣọ rẹ ni mo fi tún un ṣe láìmọ̀. Kò lè gbọ́ran láìsí i." Ọ̀rọ̀ náà nira lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. "Mo bẹ̀ ọ́."

"Gbogbo ilé ló wò yín nígbà tí ẹ ń jù ú sí yanrìn," Ràbíátù wí. "Inú mi ń bí mi, ọkọ mi. Kì í ṣe tòní. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni inú ń bí nílé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ kàn ń pariwo." Ó fún aṣọ náà, ṣùgbọ́n kò fún un gbẹ. "Ẹ gbé bàsíà. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ wí."

Sàláúdéènì gbé bàsíà. Ràbíátù gun àpótí, ó ń na ọwọ́ sílẹ̀, Sàláúdéènì ń gbé aṣọ lé e lọ́wọ́, omi aró ń ṣàn wọ inú apá ẹ̀wù rẹ̀. Bí aṣọ ti ń pọ̀ lórí wáyà, híháhá ń lọ sílẹ̀. Sàláúdéènì sáré padà sórí òrùlé, ó dá wáyà méjèèjì padà síbi tí àpá òjé wà. Ohùn náà dìde. Baba Sàlámì tó ti dé ẹnu ọ̀nà dúró.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ló ń sọ̀rọ̀, ará Abẹ́òkúta, ó ń kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kí wọn tán. Ẹlòmíràn wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Èmi Àkíbù ni, ọmọ Bẹyẹrúnká ní Ìbàdàn."

Sẹ̀gilọlá ṣubú lé fèrè, ó dì í mọ́ra. Wọ́n ní kí ó rọra, kí ó má bo ohùn náà mọ́lẹ̀.

"Mo kí ìyá mi, Sẹ̀gilọlá. Mo kí Baba Sàlámì. Mo kí àbúrò mi Sàláúdéènì, ẹni tí inú máa ń bí kí oòrùn tó yọ."

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín, Baba Sàlámì náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Òun ni. Kò sí ẹlẹ́rìí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí òrùlé, Sàláúdéènì fi ọwọ́ aró nu ojú, ó sì fi aró kun gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ara mi le," ni Àkíbù ń bá a lọ. "Ẹ má ṣe àníyàn mi. Ìyàwó mi Evelyn kí yín, àwọn ọmọ wa méjèèjì náà kí yín. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó ríra. Ó dàbọ̀ o."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀, ó ń kí àwọn tirẹ̀ ní Iléṣà, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò fetí sí i mọ́. Wọ́n ń yíjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Ràbíátù ṣì wà lórí àpótí, aṣọ tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ya. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ èsì. Àkíbù ti wí tirẹ̀ tán, ó ti lọ. Ràbíátù bẹ̀rẹ̀ sí ká àwọn aṣọ tó wà lórí wáyà. Ó ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú bàsíà. Bí ó ti ń ká wọn, ohùn ará Iléṣà ń rì. Nígbà tó mú èyí tó kẹ́yìn, híháhá ló kù.

Sàláúdéènì la ẹnu. Ìbínú ti wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bínú sí wà ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì ti sọ̀rọ̀ tán. Ó pa ẹnu dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé.

"Baba," ni Ràbíátù wí, "ẹ má dá àwọn ààfáà dúró lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Kò sí òkú tí wọn yóò ṣàdúrà fún mọ́, kí wọ́n wá tú ìgbéyàwó mi ká."

Baba Sàlámì fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyàwó, jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ọ̀rọ̀ ilé ni. A ó jókòó—"

"Wọn yóò wá, Baba," ni Sàláúdéènì wí. Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo wọn yíjú wò ó. "Èmi ni n ó lọ pè wọ́n."

Ràbíátù gbé bàsíà karí. Omi aró ń kán sí èjìká rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ ṣeun," ó wí fún Sàláúdéènì. Ó wá kọjú sí Baba Sàlámì. "Ràbíátù ni orúkọ mi, Baba."

Ó kọjá láàárín wọn lọ sí yàrá rẹ̀. Sàláúdéènì ló kọ́kọ́ yà fún un lọ́nà.